Orúkọ Yín Nínú Ikùn Ewúrẹ́

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti kọ ìwé yìí sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní kà á, mi ò sì mọ ibi tí mo máa fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí àwọn àbúrò yín ń bi yín pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe. Ẹ dá wọn lóhùn pé ó kéré tán, á lè kọ lẹ́tà sí yín. Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ ò rìnrìn àjò, èmi náà ò sì rìn jìnnà, kò sí ohun tí à ń kọ síra wa. Ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ wá pọ̀.

Ilẹ̀ Lárúbáwá ni mo wà, Bàámi. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Àtẹ aṣọ ọmọdé kékeré tí ẹ mọ̀ yẹn ló dàgbà tó gbé mi dé ibí. Dùbáì ni mo ti ń rajà, ní Deira, nínú àwọn sọ́ọ̀bù àdúgbò Naif tí wọ́n há mọ́ra wọn bí eyín, ṣùgbọ́n Ṣájà ni mò ń sùn, nítorí owó ilé. Ìlú méjèèjì dà bíi Mushin àti Òṣòdì, èèyàn ò mọ ibi tí ọ̀kan ti parí. Àwa obìnrin mẹ́rin la jọ wà nínú yàrá kan ní Al Majaz, létí omi, oníkálukú pẹ̀lú bedspace tiẹ̀, ìyẹn ibùsùn kan àti ààyè tí àpótí lè gbà lábẹ́ ẹ̀. Jẹ́lílì ọmọ mi wà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹ̀ ní ilé kejì sí wa.

Ẹ rántí Jẹ́lílì? Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ẹ lọ. Ó ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n báyìí, kò tíì níyàwó, kì í jẹun lásìkò, ó sì ń mu sìgá níbi tó rò pé mi ò lè gbóòórùn ẹ̀. Bó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi á ti dé ọsibítù. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Sìdí, wà ní Èkó, òun ló ń gba ẹrù tí mo bá fi ránṣẹ́. Tí mo bá ra káàdì tẹlifóònù pè é, kó tó kí mi tán ni mo ti bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti ilẹ̀kùn, àti pé ọkùnrin wo ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀ yẹn. Ó ní Mọ́mì, rédíò ni. Ṣé báyìí ni ẹ̀yin náà ṣe ń dààmú lórí wa? Mi ò rántí kí ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun rí. Ẹ kàn máa ń fi ìdajì ẹ̀kọ yín sílẹ̀ nínú àwo, ẹ á ní ẹ ti yó.

Ó wù mí kí ẹ rí omi ibí. Ilẹ̀ yìí ò lódò. Omi òkun ni wọ́n ń sè títí iyọ̀ á fi kúrò nínú ẹ̀, òun ló ń gba inú ẹ̀rọ jáde. Síbẹ̀, ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀bá ilé wa, wọ́n á ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ láti ṣe àlùwàlá, omi á máa ṣàn, wọ́n á máa kí ara wọn, wọ́n á béèrè ìyàwó, wọ́n á béèrè ọmọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bútà kan ṣe àlùwàlá nídìí igi ọsàn, tí igi náà á sì mu nínú ẹ̀! Ẹ máa ń sọ fún wa pé wọ́n kọ́ yín ní ilé kéwú pé èèyàn ò gbọdọ̀ fi omi ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí odò tó ń ṣàn ló jókòó sí. Mo ra bútà kékeré kan ní Naif, òun ni mò ń lò. Ìyá Tolú tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ kọjú sí tèmi, Kìrìsìtẹ́nì ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó bi mí bóyá Ọlọ́run tèmi ò tíì gbọ́ pé ẹ̀rọ omi ti dé ni. Gbogbo yàrá ló rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbútà ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà.

Mo wá ń rò ó pé ẹni tó ń fi bútà kan ṣe àlùwàlá ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣe nǹkan mìíràn tí ojú ń tì mí láti sọ fún yín. Ewé ẹ̀kọ ló sì mú mi rántí ẹ̀.

Ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń jókòó sí ọ̀nà àbáwọlé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, tẹ̀yin ti àwo àkàrà gbígbóná. Ẹ á tú ewé kúrò lára ẹ̀kọ, ẹ á fi àtàǹpàkò ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ ò jẹ́ kí bíńtín ṣòfò. Lẹ́yìn náà ẹ á ṣẹ́ ewé náà po sí méjì, ẹ á tún ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ẹ á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ á ti etí ẹ̀ bọ abẹ́ àwo kí atẹ́gùn má baà gbé e. Bó bá ti pé mẹ́ta, Elétí-yíya á ti dúró síwájú yín, ewúrẹ́ yẹn mọ àsìkò ju aago lọ. Ẹ á máa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kan mo ju ewé tèmi sí ojúde, ẹ ní kí n lọ mú un wá. Ẹ ò bínú. Ẹ kàn ní, ohun tí a bá tú kúrò lára oúnjẹ wa, oúnjẹ ẹlòmíràn ni.

Bàámi, kí ni à ń tú kúrò lára ẹrù níbí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ wa. Aṣọ ọmọdé kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà ní Naif, inú ọ̀rá tiẹ̀ ló máa ń wà, ọ̀rá tó ń dán, tó ń pariwo, pẹ̀lú páálí pẹlẹbẹ lẹ́yìn aṣọ, pẹ̀lú píìnì, pẹ̀lú ìkọ́ kékeré. Ọ̀rá méjìlá á tún wọ inú ọ̀rá ńlá kan. Bí a bá dì wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó, atẹ́gùn ni a máa kó, nítorí ààyè tí ẹrù bá gbà ni àwọn oníkágò ń wò. Nítorí náà gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tí à ń rajà ní Deira, a máa ń bọ́ ẹrù. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. A á bọ́ aṣọ kúrò nínú ọ̀rá, a á bọ́ bàtà kúrò nínú páálí, a á tò wọ́n sínú àpò ńlá, a á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí á fi le bí òkúta, a á rán ẹnu ẹ̀. Bélì nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ẹrù bọ́, kò tíì mọ Dùbáì.

Ibi tí a ti ń bọ́ tiwa, ìta Ṣájà ni, àwọn sítọ́ọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ìlà kan níbi tí ilé ti parí tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú ọ̀rá tó bá ṣẹ́ kù yẹ kó wà nínú iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí a kó o sínú ọkọ̀, kí a gbé e lọ sí ààtàn ìjọba, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí a débẹ̀, Jẹ́lílì bi mí pé kí ni kí òun fi ọ̀rá náà ṣe. Mo ń sáré, ọkọ̀ kágò ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó kó o sí ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀yìn wo. Mo nawọ́ sí yanrìn, mo ní aginjù ni, ta ló ń gbé ibẹ̀?

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ọwọ́ ilé ni mo fi ṣe é. Ní ojúde wa, ohun tí èèyàn bá jù síta láàárọ̀, kì í sí níbẹ̀ mọ́ lálẹ́. Ewúrẹ́ á jẹ, adìyẹ á ṣa, òjò á gbé ìyókù. Ara mi ò tíì gbà pé ohun kan lè wà tí ilẹ̀ ò ní gbé mì. Ọ̀rá yẹn kì í rà. Ìjì yanrìn á gbé e, á fi kọ́ sórí àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún mẹ́ta tó wà níbẹ̀, á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Mo máa ń rí i tí mo bá fẹ́ kírun. Mo máa ń gbójú kúrò.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ. Oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí àwọn ará sọ́ọ̀bù Naif máa ń fi tádà pupa kọ sára ọ̀rá ńlá, kí àwọn tó ń gbé ẹrù lè mọ ti ta ni. Àwọn kan ń lo orúkọ ọmọ wọn, àwọn kan nọ́ńbà. Èmi, oríkì yín ni mo fún wọn. ÀKÀNBÍ ÈKÓ. Èmi náà á tún un kọ sára àpò bélì. Mo rò pé ó máa dùn mọ́ yín kí orúkọ yín rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ yín ò dé. Àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ní sọ́ọ̀bù, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á máa pe Mama Akambi, Mama Akambi. Orí mi máa ń wú.

Ní Ọjọ́rú kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo wà lẹ́yìn bélì, mò ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu ẹ̀. Jẹ́lílì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Lárúbáwá kan dé, àgbà, ó tínrín, jálàbíà funfun tí eruku ti sọ di pupa ló wọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Òun ló ni àwọn ewúrẹ́ tó máa ń gba ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ó mú nǹkan dání tó dà bí bọ́ọ̀lù aṣọ àtijọ́, ó le, ó dúdú. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún Jẹ́lílì, ó nawọ́ sí ikùn ara ẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta hàn án. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló ti kú. Èyí tó kú kẹ́yìn ni ó la ikùn ẹ̀ láti mọ ohun tó pa á, ohun tó bá níbẹ̀ ló mú dání yẹn, ọ̀rá tó ti di kókó. Ó ti fọ etí ẹ̀ kan. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ọwọ́, tádà pupa ò sì tíì ṣí.

Kò lè ka ìwé òyìnbó. Ó jọ pé ẹnì kan ti bá a kà á, nítorí ó pè é. Akambi, ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara àwọn bélì bí àwọn Badawi, àwọn darandaran aginjù, ṣe máa ń wo àmì tí wọ́n fi irin jó sára ràkúnmí, láti mọ ràkúnmí ta ni. Sítọ́ọ̀ kan sí òmíràn ló ti ń wò ó bọ̀.

Jẹ́lílì bọ́ síwájú bélì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn bo àmì ara ẹ̀. Mo rí ọrùn ẹ̀ láti ibi tí mo wà. Ó mi orí. Ó ní, "Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àkànbí."

Òyìnbó jágajàga tí wọ́n ń sọ níbí ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe dún létí mi nìyẹn.

Bàbá yẹn gba orí bélì wò mí. Mo kí i, ó kí mi. Mo tẹrí ba, mo ń rán ẹnu bélì mi lọ. Ó jáde, ó kọjá sí sítọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé tiwa.

Bàámi, èmi náà dákẹ́. Ẹ má rò pé Jẹ́lílì nìkan ló sẹ́ yín lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó yíjú padà, kò jẹ́ kí n sọ ohunkóhun. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Tí baba yẹn bá lọ fi ẹjọ́ sùn, físà mi ti lọ nìyẹn. Ilé ni wọ́n máa dá mi padà sí."

Òtítọ́ ló sọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ onílẹ̀ kan ni físà ẹ̀ wà, gbólóhùn kan péré lẹ́nu ẹni yẹn lè gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún méjì ló fi jókòó ní Èkó láìníṣẹ́ kí n tó rí ọ̀nà mú un wá. Ìyá wo ni yóò fi ẹnu ara ẹ̀ tú ọmọ ẹ̀ fó? Mo sọ ìyẹn fún ara mi ní Ọjọ́rú, mo tún un sọ ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo gbé bútà láti ṣe àlùwàlá, mo ń wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni rere, mo bá gbé e kalẹ̀. Mo ń ṣọ́ omi, mo ti fi ọ̀rá pa ewúrẹ́ onínǹkan. Ewúrẹ́ tó rò pé ewé ẹ̀kọ ni. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, ohun tí èèyàn bá tú kúrò lára ẹrù ẹ̀, ewúrẹ́ ló ni ín.

Mo lọ sílé bàbá náà lẹ́yìn Jímọ̀, èmi nìkan. Mi ò sọ fún Jẹ́lílì. Ilé ẹ̀ ò jìnnà sí sítọ́ọ̀, ilé pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú ọgbà ewúrẹ́. Abú Ràṣíd ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Bàbá Ràṣídì, àwọn náà ń fi orúkọ ọmọ pe òbí bíi tiwa. Kéwú tí ẹ kọ́ mi ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Mi ò tíì la ẹnu tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní mò ń sọ̀rọ̀ bí ìmáàmù orí mímbárì, pé ó ti pẹ́ tí obìnrin ti wàásù fún òun gbẹ̀yìn, láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú. Ó ní kí n jókòó. Ó bu kọfí tó korò fún mi, ó gbé dàbínù sí i.

Ọmọ ewúrẹ́ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí ìyá wọn ti kú, ìgò ló fi ń fún wọn ní wàrà. Ó ní àwọn ọmọ òun ọkùnrin wà ní Dùbáì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ilé gíga, wọ́n fẹ́ kí òun ta àwọn ewúrẹ́, kí òun wá máa gbé lókè pẹ̀lú wọn. Òun ò lọ. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí nínú aginjù. Bí èèyàn bá rí okùn nílẹ̀, á mú un. Bó bá rí awọ, á mú un. Egungun pàápàá ní iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe. Bàámi, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni mò ń gbọ́. Kọfí náà korò, omijé sì fẹ́ bọ́, mi ò mọ èyí tí mò ń gbé mì.

Ìgbà yẹn ni mo sọ fún un pé èmi ni mo ni àmì pupa, pé èmi ni mo ní kí wọ́n dà á síbẹ̀, pé ẹ̀rù ló ba ọmọ mi.

Ó ń fi ìgò bọ́ ọmọ ewúrẹ́ lọ. Ó wá bi mí pé, "Ta ni Akambi?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

"Ó wà láyé?"

"Ó ti kú."

Ó gbé ìgò kalẹ̀. Ó ní, "Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lọ kó orúkọ ẹ̀ kúrò lórí igi mi."

Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ san owó ewúrẹ́, ó fi ọwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà bí ẹni lé eṣinṣin. Kò sọ pé òun máa fẹjọ́ sùn, kò sì sọ pé òun ò ní fẹjọ́ sùn.

Jẹ́lílì gbọ́, ó gbaná jẹ. Kò bú mi, ẹ má rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá mo ti fi òun ṣe ẹran Iléyá ni. Ó ní gbogbo oníṣòwò tó wà ní ìlà yẹn ló ń da tiwọn síbẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ òun ni wọ́n máa fi jófin. Ó ní òkú ò mọ̀ bóyá wọ́n dárúkọ òun tàbí wọn ò dárúkọ òun, alààyè ni wọ́n ń dá padà sílé. Ó kó àpótí ẹ̀, ó gba bedspace ní Naif, ó ní kí n wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá mi bọ́ ẹrù.

Èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀ ìkójọ. Màá jí, màá kírun, màá wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kí oòrùn tó le. Ọ̀rá tó wà nínú yanrìn rọrùn díẹ̀, ti orí igi ló ṣòro, ẹ̀gún ti gún un mọ́ra. Bí mo bá fà á, á fà ya, ìdajì á kù sókè. Ọwọ́ mi wú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, igi kan péré ni mo tíì tú sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rá wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Bàámi. Mo tún bá orúkọ yín níbẹ̀ léraléra, òmíràn ti ṣí, òmíràn ku Àkàn, òmíràn ku bí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bá ọ̀kan ni mo ń wo ojú ọ̀nà. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn mi ò gbúròó Jẹ́lílì. Mo ń ro sìgá, mo ń ro oúnjẹ tí kì í jẹ lásìkò. Mo ń rò ó bóyá wọ́n ti mú un.

Ní ọjọ́ kẹrin mo wà lórí àpótí ìjókòó kékeré kan, mo na ọwọ́ sókè, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú yanrìn. Òun ni. Kò kí mi, kí ẹ má bínú sí i, ojú ló ń tì í. Ó kàn bọ́ sídìí igi kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ga jù mí lọ, ọwọ́ ẹ̀ tó òkè. Ẹ ti kọ́ mi pé bí ọmọ bá padà sílé, wọn kì í bi í léèrè ọ̀nà kó tó mu omi. Mo gbé omi kalẹ̀ sí àárín wa, ó mu.

Nígbà tó yá mo wo ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọwọ́ mi dúró sókè.

Jẹ́lílì ò ju ọ̀rá sínú àpò bí mo ṣe ń jù ú. Ó ń fi àtàǹpàkò nu yanrìn ara ẹ̀ kúrò, ó ń ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó ń ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń ti etí ẹ̀ bọ abẹ́ òkúta kan kí atẹ́gùn má baà gbé e. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ẹ lọ, tí kò lè rántí àkàrà àti Elétí-yíya. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wò ó bóyá oòrùn ti mú mi. Ó ní, "Ṣebí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, Mọ́mì. Pẹ̀lú ewé mọ́ínmọ́ín."

Mi ò mọ̀, Bàámi. Mo búra, mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe é.

Abú Ràṣíd dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ ẹ̀. Ó dúró, ó wo igi kejì tó ti mọ́. Jẹ́lílì sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ ọ̀rá kan nínú èyí tó ti tò sílẹ̀, ó tú u, ó tẹ́ ẹ síwájú bàbá yẹn. Ó fi ìka sórí tádà pupa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ kéwú tí mo máa fi gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Àkànbí." Ó fi ọwọ́ kan náà sí àyà ara ẹ̀. "Bàbá ìyá mi."

Yorùbá ló fi sọ èyí tó kẹ́yìn. Mi ò túmọ̀ ẹ̀.

Abú Ràṣíd gba ọ̀rá náà. Ó wo àmì náà dáadáa, ó wo ojú Jẹ́lílì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá àmì àti ẹran bá ara wọn mu. Ó wá ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sínú àpò. Ó ní, "Khalas," ìyẹn ni pé ó parí. Ó da àwọn ewúrẹ́ ẹ̀ kọjá lọ.

Ìròyìn tó kù ò pọ̀. A ti parí igi kẹta. A ń gbé ọ̀rá wa lọ sí ààtàn ìjọba báyìí, ọ̀nà jìn, Jẹ́lílì ń kùn, ó sì ń lọ. Ó ṣì wà ní Naif, ó ní ara tu òun níbẹ̀, pé mi ò lè gbóòórùn ohunkóhun láti Ṣájà. Mo ti bẹ àwọn ará sọ́ọ̀bù kí wọ́n má kọ orúkọ yín sára ọ̀rá mọ́, ara àpò bélì nìkan ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí. Àwọn yòókù ní ìlà wa ṣì ń da tiwọn síbẹ̀. Mo bá wọn sọ ọ́, wọ́n ní Ìyá Oníbútà ti dé. Sìdí sì sọ fún mi lórí fóònù pé bí aṣọ bá ti dé Èkó, ọ̀rá tuntun ni òun fi ń dì í fún oníbàárà, pé ta ló máa ra aṣọ tí kò sí nínú ọ̀rá? Ibẹ̀ ni káàdì ti tán. Bàámi, ibo ló máa ń já sí? Ewúrẹ́ ta ló ń dúró dè é níbẹ̀?

Àyà mi ṣì ń já tí mo bá rí ọkọ̀ ìjọba lẹ́nu sítọ́ọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá Abú Ràṣíd sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá béèrè Àkànbí lọ́la, mo mọ̀ pé ẹni méjì ló máa jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ sinmi o. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ̀kọ tán lọ́hùn-ún, kí ẹ ṣẹ́ ewé tèmi náà po mọ́ tiyín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ ní kó lọ mú ewé ẹ̀ wá, tó sì ti mú un wá.